Ìyẹ̀pẹ̀ Ẹsẹ̀ Teslim

Ìwọ tí o fẹ́ ka ìtàn yìí, bí aboyún bá wà nítòsí rẹ, má kà á sókè. Fi ojú kà á. Bí o bá ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, má pè é lórúkọ títí wàá fi kà á tán. Má sì wá sí Ẹdẹ wá wádìí ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní fi hàn ọ́. Bí ẹnì kan bá yára fẹ́ fi hàn ọ́, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

*

Líìgì àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Ẹdẹ, ibi tí àwọn ọkùnrin bá ti kóra jọ, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n ń fi wéra wọn: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Etídò àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Àgbàdo. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń fi ṣí líìgì, ẹni tó bá sì na ẹnì kejì lọ́jọ́ yẹn, ara á máa yá a títí ọdún á fi parí.

Ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀bámi tó ń gẹrun ni Zakariyah wà. Òun ni kóòṣì Òkè-Àgbàdo. Ayọ̀bámi ti gẹ ìdajì orí rẹ̀, kò sì síbi tó lè sá lọ.

"Kóòṣì, ọdún yìí ńkọ́?"

"Ọdún yìí á dáa, lágbára Ọlọ́run."

"Ti Ọlọ́run kọ́. Àwọn ọmọ yín ni mo ń béèrè."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mansur ọlọ́kadà gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún kóòṣì wa. Ọmọ tó ń dènà ilé wọn lọ́dún tó kọjá ti jáde ìwé. Ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ewúrẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Aṣọ́lé wọn ń fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń mú ẹja. Etídò wá ní Teslim."

"Teslim ọmọ Àwáwù tó ń yan gàrí?"

"Òun náà. Mo wò ó nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Ọmọ yẹn kì í sáré lé bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ló ń wá a kiri."

"Ṣebí àna yín ni, Kóòṣì?" Ayọ̀bámi yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó gbá méjì péré wọlé, kó fi ìyókù ṣe sàárà."

Zakariyah bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pè é sí ọ́fíìsì. Kò ní kó jókòó. "Zakariyah, bí Etídò bá tún nà wá níbẹ̀rẹ̀ ọdún, má wulẹ̀ padà wá kó ẹrù rẹ. Màá ní kí wọ́n gbé e síta fún ọ." Ilé tí Zakariyah ń gbé, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ín. Iṣẹ́ tó ń ṣe, bọ́ọ̀lù nìkan ló kọ́ ọ. Kò kàwé jìnnà, orúnkún rẹ̀ sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí òun àti Zulfah ìyàwó rẹ̀ ti ń retí, tí àwọn ará ilé ti ń ṣẹ́jú sí wọn, Zulfah ti lóyún. Oyún náà ti yọ. Síta ibo ni wọ́n fẹ́ gbé ẹrù aboyún sí?

Ohun tó ń rò nìyẹn tí Ayọ̀bámi fi gẹ ìdajì orí kejì tán. Kò mọ̀ pé ó ti tán.

*

Etí odò Ọ̀ṣun ni pápá Etídò wà. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Zakariyah lọ síbẹ̀ bí ẹni tó lọ kí àna rẹ̀. Teslim rí i látọ̀ọ́kán, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú òógùn lára.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé amí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ rí níbí tí mi ò tíì rí? Ìyàwó mi ló ní kí n wá wò ọ́."

"Àǹtí mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń jẹun. Ó ń jẹ tèmi mọ́ ọn."

Teslim rẹ́rìn-ín. Ọmọ gíga ni, eyín rẹ̀ ṣí níwájú. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn máa wọ̀, èmi ni màá rà á. Kì báà ṣe obìnrin."

Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó gba orí iyanrìn tútù etí odò lọ fọ ojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọlẹ̀, ó ń fi àpá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wẹ̀yìn.

Zakariyah bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ di okùn bàtà. Ó fi fìlà rẹ̀ bu iyanrìn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó ṣe dìde, ẹyẹ kan tó wà lórí òpó ilé bọ́ọ̀lù yí ọrùn, ó sì ń wò ó. Kò fò. Nígbà tó dé títì, ó bojú wẹ̀yìn. Ẹyẹ náà ṣì kọjú sí i.

*

Ìlú Ara ni wọ́n júwe fún un. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àtàndá, tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Táyà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀sán gangan ni Zakariyah gbé iyanrìn náà débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ń pariwo, Àtàndá ò sì pa á. Abẹ́ ariwo yẹn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe é?"

"Kó jókòó. Kó má kú o. Kó kàn jókòó títí líìgì á fi parí."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún."

"Orúkọ?"

"Teslim."

"Ti ìyá?"

"Àwáwù."

Àtàndá gbé ọwọ́ kúrò lára táyà. Ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ọmọ sùn.

"Inú Àwáwù ló ti jáde? Mi ò béèrè ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Mi ò béèrè ẹni tó fún un lóúnjẹ. Ohun tí mo fẹ́ rán yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, inú ló mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bí Zakariyah nínú. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ni Àwáwù. Ṣé mi ò ní mọ ọmọ tí wọ́n bí ni?"

"O dúró lé e?"

"Mo dúró lé e."

Àtàndá gba iyanrìn náà, ó wọ inú lọ. Ohun tó ṣe níbẹ̀, a ò ní sọ ọ́ síbí. Ó jáde pẹ̀lú àgádágodo kékeré kan tí wọ́n fi nǹkan dúdú wé lára. Ó ní kí Zakariyah dì í mú ní ṣíṣí, kó sọ̀rọ̀ sínú ihò rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí etí. Zakariyah gbé e sún mọ́ ẹnu. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ tí Àwáwù fi inú ara rẹ̀ bí." Bẹ́ẹ̀ ni Àtàndá kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sọ ọ́.

Ó tì í. Ẹ̀rọ atẹ́gùn dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

"Àgádágodo á wà lọ́dọ̀ mi," ni Àtàndá wí. "Ìwọ mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Sọ ọ́ sínú odò kí oòrùn tó yọ lọ́la. Má wẹ̀yìn."

Zakariyah sọ ọ́ láti orí afárá, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ó tẹ́tí kó gbọ́ bó ṣe máa bọ́ sómi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ó ń gbọ́ ìrìn lẹ́yìn rẹ̀: ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀, ìkejì ń wọ́. Wọ́n ti ní kó má wẹ̀yìn, kò sì wẹ̀yìn. Ní oríta tí ọ̀nà ilé Àwáwù ti yà, ìrìn náà yà síbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

*

Teslim ò jókòó.

Ojoojúmọ́ ni Zakariyah ń wá ọ̀nà gba ẹ̀bá pápá Etídò. Ojoojúmọ́ ló ń rí ọmọ náà tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n fi epo tuntun sí lára. Àwọn ará Ẹdẹ ń sọ pé irú èyí ò tíì ṣẹlẹ̀. Mansur ọlọ́kadà ti ń pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Zulfah jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò dìde.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tutù."

"Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni. Wọ sílípáàsì."

"Kì í ṣe ti ilẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ló ti tutù. Ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi. Ó wá òrí, ó fi pa á, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó ń bá a ṣàwàdà pé ọmọ inú rẹ̀ ló ń mu gbogbo ooru ara rẹ̀. Zulfah rẹ́rìn-ín. Zakariyah ń ra ẹsẹ̀ náà títí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ń tutù. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé lọ dúró nínú oòrùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé oyún ni. Àwọn aboyún máa ń ní oríṣiríṣi.

Nígbà tó padà wọlé, ó rí iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà. Iyanrìn tútù, bíi ti etí odò. Ó gbá a dànù kí Zulfah tó rí i.

*

Àwáwù fúnra rẹ̀ ló wá bá a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èéfín gàrí ṣì wà lára ìró rẹ̀. Zakariyah dọ̀bálẹ̀ kí i. Obìnrin náà fà á sábẹ́ igi.

"Àna mi, mi ò fẹ́ kí Zulfah gbọ́, nítorí ipò tó wà. Nǹkan kan ń wá sí ilé mi."

"Nǹkan bíi kí ni, Ìyá?"

"Mi ò rí i. Àpá rẹ̀ ni mò ń rí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí mo bá jí ṣe àlùwàlá fún ìrun. Ẹsẹ̀ kan tó tẹlẹ̀, ọ̀kan tó wọ́. Á wá látẹnu ọ̀nà, á dé ìlẹ̀kùn Teslim. Á dúró níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó dúró, torí ibẹ̀ á jìn. Lẹ́yìn náà á yípadà lọ. Kì í wọlé." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọ mi ni wọ́n ń wá. Torí bọ́ọ̀lù yìí náà ni."

"Ìyá, ó lè jẹ́ ajá."

"Ajá ẹlẹ́sẹ̀ méjì?"

Zakariyah ń fi bàtà wa ilẹ̀.

"Ẹ fi máṣíìnì yín gbé mi dé Alajue," ni Àwáwù wí. "Màmá Adébísí tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú nǹkan báyìí padà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ọkùnrin tí mo lè gbẹ́kẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Kí ló lè sọ? Ó ṣáná sí máṣíìnì, ó gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà. Ní gbogbo ọ̀nà ni ọwọ́ Àwáwù wà ní èjìká rẹ̀. Ó ń ṣàdúà fún un lẹ́yìn, pé Ọlọ́run á dá a lóhùn, pé Zulfah á bí wẹ́rẹ́.

*

Màmá Adébísí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń já ewé ẹ̀fọ́ lára igi rẹ̀. Kò dìde fún wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àwáwù tán, ó ṣì ń já ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà ló mú ìyẹ̀pẹ̀ tí Àwáwù gbá láti ẹnu ọ̀nà Teslim, ó fi imú sí i.

"Kò rí ọmọ rẹ mú. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n."

Àwáwù fa ìborí bo ẹnu.

"Kí ló dé tí kò fi mọ̀ ọ́n?" ni Zakariyah béèrè. Ohùn rẹ̀ jáde kí ó tó lè mú un.

Ìyá àgbà wò ó. "Ta lèyí?"

"Ọkọ ọmọ mi ni," ni Àwáwù yára dáhùn. "Màmá, ṣé ó ti lọ?"

"Kò tíì padà sílé. Ibì kan ló jókòó sí. Mi ò rí ibẹ̀."

Ojú Àwáwù ń rìn nílẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó yí sí Zakariyah.

"Zulfah ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ì bá ti sọ ọ́ níbẹ̀. Ì bá ti sọ pé ẹsẹ̀ Zulfah tutù, pé ó ti ń tiro. Àmọ́ ojú ìyá àgbà wà lára rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á pé ọ̀rọ̀ kan á fa èkejì jáde.

"Ara rẹ̀ le, Ìyá. Ó kí yín."

Àwáwù sọ ìborí sílẹ̀. "Alhamdulilahi. Màmá, ẹ dá a padà. Kó gba ilé ẹni tó rán an lọ. Kó jókòó tì í níbẹ̀."

"Ìyá," ni Zakariyah wí, "ṣé kò ní dáa kí wọ́n kàn lé e lọ sínú igbó?"

"Ẹni tó rán an, ṣé inú igbó ló ń gbé?"

Màmá Adébísí da ìyẹ̀pẹ̀ náà sínú ewé. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i, ẹnu rẹ̀ ń yára, èèyàn ò lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ni ibi tó ti ní kó wá ẹni tó rán an rí, kó wọ ilé rẹ̀, kó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àwáwù ṣe àmín. Ìyá àgbà dúró, ewé lọ́wọ́.

"Àna, mi ò gbọ́ tìẹ."

"Àmín," ni Zakariyah wí.

*

Ọjọ́ bọ́ọ̀lù pé, àárọ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Èèyàn kún pápá Etídò títí dé orí ògiri. Àwọn ọmọ Òkè-Àgbàdo ń wo ojú kóòṣì wọn, ojú náà ò sì sí níbẹ̀.

Teslim gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láàárín pápá. Bó ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kàn án, fóònù Zakariyah gbọ̀n nínú àpò. Ó rò pé ó ṣèèṣì bá ara mu ni. Ọmọ náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, fóònù gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, fóònù gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Àwọn èèyàn Etídò fò sókè, ilẹ̀ mì.

"Kóòṣì, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́," ẹnì kan pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Wọn ò tíì jókòó tán tí Teslim tún gbá òmíràn wọlé. Fóònù náà ò dákẹ́ mọ́. Zakariyah yọ ọ́. Mercy ni, ìyàwó tíṣà tí wọ́n jọ ń gbé nínú ọgbà.

"Kóòṣì sà, ibo lẹ wà tí mo ti ń pè yín? Ìyàwó yín ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e. Ẹ máa bọ̀. Ẹ má dúró ṣe nǹkan kan."

Ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí pápá. Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, ó gbọ́ ariwo kẹta.

*

Wọ́n gbé Zulfah lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kíá, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n yàwòrán, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Òtútù náà ti gba orúnkún kọjá. Ó ń gun itan bọ̀, díẹ̀díẹ̀, èèyàn lè fọwọ́ mọ ibi tó dé.

Zakariyah jókòó tì í. Zulfah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má tíì sọ fún Ìyá. Àyà wọn ò ní gbà á. Èmi nìkan ni ọmọ inú wọn."

"Ìwọ àti Teslim."

Ó mi orí lórí ìrọ̀rí. "Teslim kì í ṣe ọmọ inú wọn."

Zakariyah rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo ti tó pọnmi nígbà tí wọ́n gbé e dé," ni Zulfah wí. "Wọ́n lọ sí Ìwó, inú wọn pẹlẹbẹ. Wọ́n gbé ọmọ òòjọ́ bọ̀. Wọ́n ní àbúrò mi nìyí, àwọn ló bí i. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn, àwọn á kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Mi ò sì sọ ọ́ rí. Òun gan-an ò mọ̀. Nínú agbo ilé wa, ọmọ tí èèyàn bá tọ́, èèyàn ló bí i. A kì í tú u wò."

"Ta ló bí i?"

"Ìyá nìkan ló mọ̀." Ó ṣí ojú. "Kí lẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀ fún?"

Zakariyah rọra fa ọwọ́ yọ. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ihò àgádágodo. Ọmọ tí Àwáwù fi inú ara rẹ̀ bí. Òun ló dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó tún fi ìbínú dúró lé e.

*

Àtàndá ń yí nọ́ọ̀tì táyà kan lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀. Zakariyah wólẹ̀ sínú epo dúdú tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi ṣí i."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ẹ fi irin já a."

"Bí mo bá já a, itan ìyàwó rẹ ni mo já." Ó ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. "Mo bi ọ́. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí ni mo lè ṣe? Ẹ sọ ohunkóhun."

Àtàndá ṣiṣẹ́ lọ díẹ̀. "Nǹkan yìí ń wá olóhun rẹ̀ ni. Mú orúkọ ẹni tó bí ọmọ yẹn wá fún mi, á fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á lọ síbi tí a rán an."

"Sí ẹsẹ̀ Teslim."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ìgbà yẹn ti lọ. Ẹnì kan ti fọwọ́ tì í padà wá bá ọ nílé, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Kò ní mọ ẹsẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá lọ bá báyìí, kò ní dìde." Ó nu ọwọ́. "Bí ó bá sì dé ikùn ìyàwó rẹ, kì í ṣe ẹnì kan ló máa gbé lọ. Nígbà yẹn, má wá síbí mọ́."

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó dé ilé Àwáwù. Àwọn ọmọ Etídò kún ojúde, wọ́n ń fi ike àti abọ́ lu ìlù, wọ́n gbé Teslim lé èjìká. Àwáwù wà nídìí agbada gàrí lẹ́yìn ilé. Ó ń yí i, ojú rẹ̀ ń tàn nínú iná. Nígbà tó rí Zakariyah, ó rẹ́rìn-ín.

"Àna mi, ẹ má bínú o. Ọmọ yín ló nà yín."

Zakariyah kúnlẹ̀ sínú eérú. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èyí tó yẹ kó ṣáájú wá sẹ́yìn: ọ́fíìsì, iyanrìn, Ara, àgádágodo, Alajue, irọ́ tó pa níbẹ̀. Àwáwù ń yí gàrí. Kò dáwọ́ dúró títí tó fi dárúkọ Zulfah.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún."

"Ó ti dé ibo?"

"Ó ti gba ìdajì itan kọjá kí n tó kúrò níbẹ̀."

Ó gbé igbá tó fi ń yí gàrí sílẹ̀. Kò lù ú. Kò ṣépè. Ìyẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ fi bà á jù. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú agbada, òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, ẹ forí jì mí tàbí kẹ́ ẹ má forí jì mí. Ẹ dárúkọ ìyá rẹ̀ fún mi. Orúkọ lásán ni. Zulfah á dìde, ọmọ inú rẹ̀ á yè."

"Teslim ńkọ́?"

Kò lè pa irọ́ mìíràn. "Kò ní dìde."

Ní ojúde, wọ́n sọ Teslim sókè, wọ́n tún mú un. Ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. "Ìyá mi," ó ń ké láti ọ̀hún, "ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí."

Àwáwù ń wo ibi tí ohùn náà ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sí ikùn ara rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣí. Zakariyah sún mọ́ ọn, ó na etí, ó rí i kedere pé orúkọ kan ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mercy ni.

"Ìyá, ẹ ṣàánú. Ta ló bí Teslim?"

"Èmi ni mo bí i."

"Ìyá, Zulfah ń kú lọ."

"Èmi náà ni mo bí Zulfah." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Àwọn méjèèjì ni mo bí. Ohun tí ẹ máa bá lẹ́nu mi nìyẹn."

Ó fa ìborí, ó fi wé ẹnu rẹ̀, ó sì so ó lẹ́yìn orí bí ìgbà tí wọ́n bá ń di ẹnu àpò. Zakariyah di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ Zulfah. Obìnrin náà mú igbá rẹ̀, ó jókòó padà sídìí agbada, ó ń yí gàrí tó ti jóná. Kò sọ nǹkan kan mọ́.